Iṣẹ́ Tí Ọmọ Mi Ń Wá Ni Wọ́n Gbé Fún Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ẹ bá mi bo orúkọ mi láṣìírí. Ọmọbìnrin mi kọ̀wé béèrè iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kò ní ìrírí, ó wá ní kí èmi padà wá. Mo ní, "Ọ̀gá, ìrírí wo làwa ní lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá?" Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní ayé ìgbà yẹn yàtọ̀.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ gbà á. Tẹ́ ẹ bá kọ̀ ọ́, arúgbó mìíràn ni wọ́n máa pè." Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, àwa àgbà sì tún ń gbé pẹpẹ sókè sí i.

Ọmọ mi ti bá mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n wọ̀ ọ́?