Ọjọ́ Méje Tí N Kò Dáná

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ san ohun tí mo jẹ yín, kí n tó kí yín. Àforíjì ni. Gbogbo ẹni tó wá bá wa kẹ́dùn ni mo sọ fún pé áṣáà ló fún yín ní ikọ́ tó pa yín. Nígbà tí ẹ ṣì wà láyé pàápàá, èmi ni mo ju ìgò áṣáà yín sí ṣáláńgá, tí mo ní n kò mọ ibi tó wọlé sí. Ẹ má bínú. Mo ti san án.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ìsinmi.

Ilé iṣẹ́ epo pupa tí ẹ dáná fún lẹ́nu ṣódíyẹ̀, ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se omi, fún ọdún mọ́kàndínlógún ṣì ń rú èéfín lé wa lórí ní Pobè yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn bíró ìjọba ti gbé ẹ̀rọ wá wọn èéfín náà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ilé iṣẹ́ gbọ́ ṣáájú, tí wọ́n fi èésan ẹkùrọ́ gbígbẹ nìkan dáná lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìhá ẹyìn tútù ló ń sọ ojú ọ̀run di dúdú. Ta ni wọ́n rò pé àwọn ń tàn? Ọmọ adáná?

Mo lọ bá ọmọbìnrin kan láti Sakété, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọn afẹ́fẹ́. Ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ògiri balùwẹ̀ mi, kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko, a kò sọ fún ẹnì kan. Ohun tó bá wọ̀n ló máa lọ bá bíró ìjọba tó lè fi dandan mú ilé iṣẹ́ náà sẹ́ èéfín rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹnu wọn: wọ́n á ní èéfín ààrò mi ni. Mo bá da omi sí ààrò. Ìlú Yoko, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni mo ti ń se ẹ̀kọ tí mò ń tà, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè rẹ̀ tán. Àwọn aládùúgbò ń pè mí ní Ìyá Ààrò-Tútù. Kí wọ́n máa pè é lọ.

Lánàá, àbíkẹ́yìn yín rí ẹ̀rọ náà. Ẹnu ṣódíyẹ̀ tí ẹ dúró sí lòun náà dúró sí báyìí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ mí kí n tú u, nítorí àwọn adáná ni wọ́n á kọ́kọ́ lé. Ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́. Bó ṣe ń bẹ̀ mí ló ń wúkọ́. Ikọ́ yín gan-an ni, Bàbá, èyí tó máa ń ti inú wá kó tó dé ọ̀fun. Òun kò sì fín áṣáà rí.

N kò tú u. Tí wọ́n bá lé e, èmi ni n óò bá a bọ́ àwọn ọmọ náà. Mo ti ṣírò rẹ̀. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n pósí wọ́n jù ú lọ.

Ẹ máa ń gbọn ẹ̀wù yín mọ́ igi ìbẹ́pẹ kí ẹ tó wọlé, kí eérú má bàa kan àwa ọmọ. Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?

Ọmọbìnrin náà ń bọ̀ wá mú ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. N kò ní tú u fún alààyè kankan. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè gbọ́ tiyín.

Èmi ni, àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín. Mò ń retí èsì ní Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó wọ̀.