Igi Tí Mọ́ṣúdù Gbìn sí Etí Odò Wa

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà, 1991

Mo jáde nílé ìwé, mo gba Ayọ̀bọ̀ lọ wo ilẹ̀ wa létí odò. Ìyẹn nìkan ló kù. Ìyókù ti di ilé onílé. Bàbá wa ní a ò gbọdọ̀ tà á láéláé. Igbó dídí ni nígbà èwe mi, kí àwọn agégẹdú tó kó gbogbo igi rẹ̀ lọ. Èèsún ló kù. Odò náà ń gbẹ.

Ta ni mo bá níbẹ̀? Mọ́ṣúdù ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí a fún láyè pé kó máa gbin ẹ̀gẹ́. Igi ló ń gbìn! Ìrókò, àfàrà, arère, ó ń yọ wọ́n nínú ọ̀rá dúdú. Ìlà mẹ́fà gbáko. Ó ní, "Àǹtí Tíṣà, mo fẹ́ kó padà di igbó ni. Tígi bá wà, omi á wá." Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ta ló ń gbin ìrókò tí kò ní í lọ́kàn láti pẹ́ níbẹ̀? Ẹlẹ́rìn-ín ni mo sọ ọ́ láti òní.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo ti sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi Ṣàíbù. (Alága ni mò ń pè é níbí, kò sí ìpàdé ẹbí tí kò ní fẹ́ darí.) Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ní àlejò tó gbin ẹ̀gẹ́, oúnjẹ ló ń wá. Èyí tó gbin igi ti fẹ́ di onílẹ̀. "Àbí kóòtù lo fẹ́ ká ti pàdé ẹ̀?"

Òótọ́ ni jàre. Bàbá wa kì í jẹ́ kí àlejò gbin obì tàbí ọ̀pẹ. Alága ní bí òun bá tu ú, ariwo á sọ. Ṣùgbọ́n èmi, obìnrin, tíṣà, ta ló máa fura sí mi?

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ẹlẹ́rìn-ín gbé iṣu wá fún Ìyá wa. Wọ́n jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo yọ sí wọn — wọ́n dákẹ́! Ó ti ń fi iṣu fa ojú ìyá mi mọ́ra. Inú bí mi débi pé mi ò fẹnu kan iṣu náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Òjò. Alága wá bá mi ní ilé ìwé, ó ní kí n tètè ṣe é, pé àwọn èèyàn ti ń béèrè ẹni tó ni igi yẹn. Èèyàn wo? Ó ṣí agboòrùn rẹ̀, ó lọ. Mi ò sì bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo ti ṣe é. Ilẹ̀ rọ̀, mo ń fà wọ́n tu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo dà wọ́n sódò. Ọkàn mi balẹ̀ ṣá.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ẹlẹ́rìn-ín kọjá, ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Kò mẹ́nu ba igi. Kí ló ń pète?

Ọjọ́bọ̀, 20

Òpó sìmẹ́ǹtì mẹ́rin lórí ilẹ̀ wa. Sọ̀fíyọ̀ kan ń na okùn, ó ń wọn ilẹ̀ náà. Ó ní ẹni tó fẹ́ rà á ti wá lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó rí igi, ó sì padà. Kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Alhaji Ṣàíbù ló ní kó fọkàn balẹ̀, pé kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi! Mo fura sí gbogbo ayé, mi ò fura sí i.

Mo sáré bá Ìyá wa. Wọ́n ní àwọn ló ní kí Mọ́ṣúdù gbìn ín. Wọ́n ti gbọ́ pé Ṣàíbù ń wá ẹni tó máa rà á, ta ló sì máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu opó? Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi. Wọ́n ní, "Kí lo fi pamọ́ fún Ṣàíbù rí?"

Mo padà lọ bá Mọ́ṣúdù nínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó ní òun mọ̀. Òun dúró lókè lọ́hùn-ún lọ́jọ́ náà, òun ń wò mí bí mo ṣe ń tu wọ́n títí tí mo fi ṣe tán. Mo ní kí ló ṣe tí kò pariwo.

Ó ní, "Àǹtí Tíṣà, ẹ̀yin lẹ nilẹ̀. Mo rò pé ẹbí ti fẹnu kò lórí ẹ̀ ni."