Ọjọ́ Mẹ́rin Tí Mo Fi Dákẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo kí ọkọ yín, mo sì kí àwọn ọmọ. Orúnkún tí ẹ ní ó ń dùn yín nínú lẹ́tà tó kọjá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tọ́jú gbogbo ayé kí ẹ wá gbàgbé ara yín. Ní tèmi, ara le, mò ń jẹ, mò ń sùn. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè tú u sílẹ̀ fún.

Ẹ béèrè irú ẹnjinníà tí mo jẹ́ gan-an. Bàálù ológun la ń ṣe, àmọ́ tiwa kì í fò. Yàrá kékeré kan ni, ó rí roboto bí ẹyin, ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́fà láàárín gbọ̀ngàn tútù kan tí kò ní fèrèsé. Awakọ̀ á wọlé jókòó, kọ̀ǹpútà á fi òfuurufú hàn án, àwọn ẹsẹ̀ irin á máa gbé e sókè sódò, òun náà á sì máa làágùn bí ẹni tó wà lókè lóòótọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan bàálù gidi. Ẹni tó bá já lulẹ̀ níbẹ̀ á dìde, á mu omi, á tún bẹ̀rẹ̀.

Àwa méjì la wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pe ọmọbìnrin kejì, torí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀gá wa gbé iṣẹ́ ìkìlọ̀ lé e lọ́wọ́. Bí bàálù bá ń lọ́ra jù tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ gbé e mọ́, ọ̀pá ìdarí gbọ́dọ̀ gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀ kó lè tètè mọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Èmi? Wọ́n fún mi ní ìwé ìdánwò onírínwó ìlà, pé kí n máa dán iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wò, kí n máa fàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo jowú. Bí ọ̀gá bá dárúkọ rẹ̀ nípàdé, bíi pé wọ́n ta ata sí mi lójú ni. Bó ṣe ń rìn, bí àwọn àgbà ẹnjinníà ṣe ń fa àga fún un, gbogbo rẹ̀ ni mò ń kà. Ó máa ń ra búrẹ́dì fún mi láàárọ̀. Màá jẹ ẹ́, màá dúpẹ́, inú á sì tún máa bí mi. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun ni mò ń tu.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ rẹ̀ ló kàn tí mo máa dán wò. Nígbà tí bàálù ṣófo, ọ̀pá náà gbọ̀n lásìkò. Mo wá fi kọ̀ǹpútà gbé ẹrù sábẹ́ apá bàálù náà, bí ìlà tó tẹ̀ lé e ṣe wí. Ìkìlọ̀ pẹ́: bàálù ti ń já bọ̀ kí ọ̀pá tó gbọ̀n. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yẹ ìṣirò rẹ̀ wò: ìwọ̀n bàálù òfìfo ló ń lò ní gbogbo ìgbà. Ó yẹ kí n kọ ọ́ sínú ìwé àléébù lójú ẹsẹ̀. N kò kọ ọ́. Àwọn ọ̀gá ológun ń bọ̀ wá yẹ ẹ̀rọ náà wò lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì fẹ́ kí ojú tì í níwájú wọn. Mo ń ro bí ẹ̀rín yẹn ṣe máa gbẹ, ó sì ń dùn mọ́ mi. Mo fi ìlà náà sílẹ̀ lófìfo, mo ní n kò tíì débẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ ológun wá dán ẹ̀rọ náà wò, wọ́n sì ní kí n jókòó tì í. Ó wa bàálù náà lófìfo, inú rẹ̀ dùn. Ó ń fọwọ́ ra ọ̀pá ìdarí, ó ní, “Ọmọ mi, bí wàhálà bá dé lókè, awakọ̀ kì í ráyè ronú. Ohun tí ẹ bá kọ́ ọwọ́ rẹ̀ níhìn-ín ló máa ṣe.” Ó ní ọmọbìnrin òun wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó béèrè bóyá a ti dán gbogbo rẹ̀ wò. Mo ní, “Ó ku ìlà kan, sà.”

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín ni mo lọ tààrà. Mo fi ìlà náà àti àṣìṣe tí mo rí hàn án. Ó wò ó, ó káwọ́ lérí. Ó ní, “Ìgbà wo lo rí i?” Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, kò kàn jáde ni. Mo ní, “Láti ọjọ́ Ajé.” Ó ní, “Ọjọ́ mẹ́rin.” Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bú mi. Ó yí àga rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà. Kí a tó ṣíwọ́, ó ti tún un ṣe, mo sì dán an wò nígbà ogún.

Ẹ̀rọ náà yege lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ẹlẹ́rìn-ín níwájú àwọn ológun pé ó rí àṣìṣe ara rẹ̀, ó sì tún un ṣe. Ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀gá lẹ́nu, ó nawọ́ sí mi: “Kì í ṣe èmi ni mo rí i, sà. Òun ni.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò mẹ́nu kan ọjọ́ mẹ́rin. Ìyìn tí mo ti ń wá láti oṣù mẹ́jọ dé tán, n kò mọ ibi tí màá fojú sí. Èyí tó burú jù ni pé owú tún mú mi níbi tí mo dúró sí. Mo jowú ọkàn tó ní.

Lánàá, mo lọ sọ òótọ́ fún ọ̀gá. Ó ní ìwé ìdánwò ni màá ṣì máa fàmì sí fún ọdún kan sí i, àti pé bí mo bá tún dákẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n má ṣe padà wá. Mo gbà. Ẹ bá mi wí bí ẹ bá fẹ́, ẹ ṣáà má ṣe fi mí sílẹ̀ nínú àdúrà.

Kí Ọlọ́run fi ìrọ̀rùn sí orúnkún yín, kí ẹ jẹ èrè gbogbo àìsùn tí ẹ ṣe nítorí mi, kí àwọn ọmọ yín má ṣe mọ owú ara wọn.

Èmi ni,
Àbúrò yín tí ẹ fọwọ́ ara yín tọ́.

Àfikún: Láàárọ̀ yìí, Ẹlẹ́rìn-ín gbé iṣẹ́ tuntun rẹ̀ sórí tábìlì mi, pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dọ́dọ̀ ọ̀gá, nítorí ojú mi mú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí àṣìṣe kankan. Ó dùn mí díẹ̀. Mo fàmì sí i pé ó dára.