Àáró Tí A Ò San

Kèrè, Ìdáàṣà,
Ọjọ́ Ajé, oṣù kọkànlá.

Roméo, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé ò ń róúnjẹ jẹ dáadáa ní Kútọnù? Èmi wà láàyè, mo dúpẹ́, ẹ̀yìn ló kàn ń dùn mí díẹ̀. Bí inú ṣe ń bí mi sí ọ tó yìí náà, mi ò lè kọ̀wé sọ́mọ mi kí n má béèrè àlàáfíà rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo lọ sọ́jà Ìdáàṣà, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Sàfúrátù láti ra aṣọ funfun. Ẹ̀wù tí o máa fi wàásù níbi ìkórè ọdún yìí ni mo fẹ́ rán. Ràsáàkì ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Màmá Roméo, èmi àti Roméo la jọ wà ní kíláàsì o." Ni mo bá rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ Ràsáàkì! Ṣé o ti fi mọ́sálásí sílẹ̀ ni, tí o fi ń kọ́ iṣẹ́ pásítọ̀?" Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rárá o, Màmá. Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì là ń kọ́. Ọdún kejì wa rèé." Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mi ò ra aṣọ mọ́.

Ọdún kejì, Roméo! O ti fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀ ní yunifásítì, o sì ń wálé wá gbàdúrà lé wa lórí! Nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, o ní, "Màmá, mi ò fẹ́ kí inú yín bàjẹ́ ni." Háà! Ṣé ó wá dára báyìí? Ká ní o sọ fún mi pé iṣẹ́ pásítọ̀ ò wù ọ́ mọ́, màá pariwo, màá sunkún, inú mi á sì rọ̀ nígbà tó bá yá. Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ò burú. Ìwọ lo dalẹ̀ mi.

O mọ bí a ṣe ń ṣe àáró níhìn-ín. Mo bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ náà á wá kọ tèmi lọ́la. Èmi opó, ọlọ́mọ kan ṣoṣo, ta ni mo fẹ́ rán? Nígbà tí o wọ yunifásítì, Bàbá Léonard, alàgbà ìjọ wa, ló sọ pé, "Ẹ fi Blandine sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń san àáró tiwọn lẹ́nu iṣẹ́ Ọlọ́run." Látìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ ebè mi láàárín àwọn òkúta òkè yìí, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí n san án. Ìyá Pásítọ̀ ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń dáhùn. Mo jẹ iṣu yẹn. O bá mi jẹ ẹ́ lọ́dún Kérésì, o ní ó dùn.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, mo dìde níwájú ìjọ, mo sọ ọ́. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe pásítọ̀, kò sì ní jẹ́ ẹ, pé ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń purọ́ fún gbogbo wa. Mo ní màá san àáró oníkálukú, ọwọ́ ara mi ni màá fi san án. Bàbá Léonard ní kí n jókòó, pé ó ti rẹ̀ mí. Mi ò jókòó.

Odette ló wá dìde. O rántí pé nígbà tí Narcisse ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún Àjíǹde, pásítọ̀ wa ò sí nílé, ìwọ ni wọ́n bẹ̀. O gbé ọwọ́ lé pósí, o gbàdúrà títí gbogbo wa fi sunkún. Odette ò bú mi o. Jẹ́jẹ́ ló bi mí pé, "Màmá Roméo, nígbà tó ń gbàdúrà lórí ọkọ mi, ṣé ó gbà á gbọ́?" Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wò mí. Èmi tí mo bí ọ, mi ò mọ ohun tí màá sọ.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ fún mi. Kí ẹ̀kọ́ tí ò ń kọ́ fún ọ lóúnjẹ jẹ, kó má kó ìtìjú bá ọ. Mo ṣì ń gbàdúrà fún ọ láràárọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Blandine.

Àfikún: Má pè mí lórí fóònù, mi ò ní gbé e. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa bẹ̀rẹ̀ sí í san àáró náà, ní oko Odette. Wá. Kí o tó fọwọ́ kan ọkọ́ rárá, lọ bá a, kí o dá a lóhùn ohun tó bi mí. Òótọ́ ni kí o sọ fún un, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé o ò gbà á gbọ́.