Ọmú Àjèjì Tí Ọmọ Mi Ń Bọ́

Àjíkẹ́ ọmọ mi, ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le nílé rẹ ní Abraham Adésànyà? Olúwa kò ní jẹ́ kí ọ̀nà tó gbé ẹ lọ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn wálé. Wàá ṣe àmín, bí ìwọ náà bá fẹ́ ẹ.

Ewúrẹ́ Ìyá Tolúwani, aládùúgbò wa, bí méjì. Ìyá Tolúwani fúnra rẹ̀ wọ aṣọ funfun tuntun wá sí ìjọ wa, ọmọ rẹ̀ ló rà á fún un. Ọ̀rọ̀ obìnrin òkú tí o sọ fún mi ló ń dùn mí. Nígbà tí mo ní kí o wálé, o ní ọjọ́ Sọ́ńdè ni o máa bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ ara tíntìntín tí ojú lásán ò rí, níbi ìwádìí yín ní Lẹ́kkí, pé ara ọmú obìnrin kan tí jẹjẹrẹ pa lókè òkun tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti mú wọn, bí wọn ò bá jẹun, wọ́n á kú. Obìnrin ti kú, ọmú rẹ̀ ṣì ń jẹun lọ́wọ́ ọmọ mi. Ọmú tí ìwọ mu, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó jẹun. Mo jowú, mi ò ní purọ́, mo ti ní orogún tí mi ò rí rí.

Mo wá fọgbọ́n ṣe é. Ta ni ò mọ oúnjẹ ọmú? Nígbà tí mo bí ẹ, ẹ̀kọ́ gbígbóná ni ìyá ọkọ mi ń fún mi kí omi ọyàn lè wá. Mo po ẹ̀kọ́ kún kúlà, mo ní kí Sùlè dẹ́rẹ́bà gbé e wá fún wọn, kí wọ́n yó tó ọ̀sẹ̀ kan, kí o lè ráyè wálé. Sùlè ní o jáde sí géètì, o rẹ́rìn-ín, o ní wọn kì í mu ẹ̀kọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu: Sùlè mu ún tán lójú ọ̀nà, ó tún ní ṣúgà ò tó.

O pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, o ṣàlàyé. O ní họ́mónù, nǹkan ara obìnrin, ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú fi ń dàgbà, bí dókítà bá fi oògùn dí i mọ́ wọn, wọ́n á rọ. Àmọ́ àwọn olóríkunkun kan wà tí kò nílò rẹ̀ mọ́, torí pé pùròtéènì kan nínú wọn ń di iṣẹ́ tí ara rán sí wọn mú lọ́nà, òun ló ń pinnu èyí tó máa dé àti èyí tí kò ní dé. Mo ní bíi Sùlè nìyẹn.

Ó yé mi. Ìwọ náà fi ara rẹ dù mí, o fẹ́ wò ó bóyá màá yè láìrí ẹ. Mi ò sí lára àwọn olóríkunkun yẹn, Àjíkẹ́. Mo ṣì nílò rẹ.

Jọ̀ọ́, wá owó díẹ̀ fún mi, ti kẹrosíìnì àti ti ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nǹkan kan tó le bí ekùrọ́ wà lọ́mú òsì mi láti ìgbà òjò, kò dùn mí. Mo fi í pamọ́ kí o má baà ní mò ń bá òkú figagbága. Ní báyìí, èmi náà ti ní ohun tí o lè wá wò. Má fi owó náà rán Sùlè. Ìwọ ni kí o gbé e wá.

Ọmú tí o mu kò ní korò fún ẹ láéláé.

Èmi ni ìyá rẹ kan ṣoṣo.