Ẹni Tí Kì Í Tọ́ Ọbẹ̀ Wò

Ọjọ́ Ajé, 11 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Iye ni mo ra ìwé yìí láti máa kọ. Iye nìkan. Láti ẹnu géètì ilé akẹ́kọ̀ọ́ tá a ń gbé ní Ajíbọ́dẹ dé ẹsẹ̀ afárá, àlọ àti àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Okùn fífò, ẹgbẹ̀rún. Mo kí ìrun àsùbáà tán, mo jáde. Nígbà tó yá mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀keje ni mo wà àbí ẹ̀ẹ̀kẹfà. Mónítọ̀ ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mónítọ̀ — ohùn tó wà nínú orí mi. Mo fi sọ orí ọmọ tí tíṣà máa ń ní kó dúró níwájú kíláàsì, kó máa kọ orúkọ àwọn aláriwo. Ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ tèmi kì í tán.

Ìṣẹ́gun, 12 Máàṣì

Mẹ́jọ. Ẹgbẹ̀rún. Kò sí nǹkan mìíràn.

Àlàmísì, 14 Máàṣì

Àwọn ọlọ́kadà ìkóríta ti mọ̀ mí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, ta ló ń lé yín? Ẹ jẹ́ á bá yín mú un." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí pé ó yẹ.

Ojúgun ẹsẹ̀ òsì ń dùn mí. Ojú kan ṣoṣo, tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Àìkú, 17 Máàṣì

Praise, tá a jọ ń gbé yàrá, ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣínu mi. Mo jẹ ìdajì, mo we ìyókù sínú ọ̀rá. Ó ní irun orí mi tó ń já ló ń dí ihò balùwẹ̀. Ó ní, "Muhsinah, ìwọ àti ta lẹ jọ ń díje gan-an?" Mi ò bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti bínú sí nǹkan gbẹ̀yìn.

Àlàrùba, 20 Máàṣì

Ọjọ́ kẹwàá. Èsì ìdánwò jáde, èmi ni mo gba máàkì tó ga jù. Praise fò mọ́ mi, ó dì mọ́ mi. Mò ń wò ó bíi pé ẹlòmíràn ló dì mọ́. Lẹ́yìn náà mo lọ bá olùkọ́ pé kí n rí ibi tí mo ti pàdánù máàkì mẹ́rin.

Mo rántí wòlímátì mi, ọdún tí mo parí Kùránì nílé kéú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Aṣọ funfun, gbogbo ẹbí jókòó sábẹ́ kánópì. Mo ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kà. Àfáà tún un sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo ka ìyókù, gbogbo èèyàn ń yọ̀. Lọ́dún tó kọjá mo bi ìyá mi bóyá wọ́n rántí. Wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa mọ́ ara mi, pé ńṣe ni mo kà á bí ẹní mu omi. Mónítọ̀ rántí. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà, ó mọ ìlà tó wà.

Jímọ̀ọ̀, 22 Máàṣì

Mẹ́wàá ni báyìí. Mẹ́jọ ti kéré.

Àbámẹ́ta, 30 Máàṣì

Ìsinmi Àjíǹde. Mo wálé sí Olódò. Ọjọ́ ogún pé.

Nílé wa, obìnrin tí ò gbààwẹ̀ nítorí nǹkan oṣù ni í tọ́ ọbẹ̀ ìṣínu wò. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ ò ní fi ahọ́n kan ṣíbí. Obìnrin mẹ́ta la jẹ́: ìyá mi, Kifayah ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, àti èmi. Ó máa ń kárí. Ìyá mi ti tọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Lónìí Kifayah ló ń tọ́ ọ, ó na ṣíbí sí mi, ó ní, "Ìwọ ló kù o, ilé-ìwé ò ní kó o sá fún iṣẹ́." Mo ní tèmi ò tíì dé.

Mi ò sọ pé láti oṣù kọkànlá ni mo ti rí i gbẹ̀yìn. Lọ́dọọdún ni mo máa ń jẹ gbèsè ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà, méje, tí màá máa san lẹ́yìn ọdún. Lọ́dún yìí, ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n géérégé. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo kàn mọ̀ pé iye náà dára ni.

Ọjọ́ Ajé, 1 Épírì

Láti ilé dé Adégbayì, àlọ àti àbọ̀. Mo ń tiro. Mo parọ́ fún àwọn ará ilé pé mo fẹsẹ̀ gbá òkúta.

Àlàrùba, 3 Épírì

Ìyá mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Oúnjẹ adìẹ ni wọ́n ń tà, wọn kì í ti ilẹ̀kùn. Èmi àti wọn nìkan la wà nínú. Wọ́n ní, "O ò tọ́ ọbẹ̀ wò. O ò fo ìrun kan. Ojú rẹ funfun, oúnjẹ ò wọlé. Ta ló ni ín?"

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Mo ní kò sẹ́nì kankan. Wọ́n ní oyún kì í já bọ́ látòkè. Mo ní mo fi Kùránì búra. Wọ́n ní kí n yọ Kùránì kúrò níbẹ̀. Wọ́n wá bú sẹ́kún, wọ́n ní àwọn tí wọ́n ń yìn mí fún á wá fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mi ò sunkún. Mò ń ka àpò oúnjẹ adìẹ tó wà lẹ́yìn wọn. Mẹ́rìnlá.

Àlàmísì, 4 Épírì

Ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò. Kò sí oyún. Ìyá mi ní "Alihamudulilai." Wọ́n ní, "Kí ló wá dé?"

Nọ́ọ̀sì ti rí bí mo ṣe ń tiro. Wọ́n ya fọ́tò ẹsẹ̀. Egungun ojúgun ti sán, ojú ibi tí àtàǹpàkò mi mọ̀ gan-an. Dókítà obìnrin ni, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó bi mí pé ìgbà mélòó ni mò ń sáré, mo sọ iye rẹ̀ láìṣi ẹyọ kan. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni mo sinmi kẹ́yìn. Mi ò rántí. Mo ní ohùn kan wà nínú orí mi tí kì í jẹ́ kí n jókòó.

Ó ní ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún nǹkan oṣù. Tó bá rí i pé ohun tí mò ń jẹ ò tó ohun tí mò ń fi ara ṣe, á dá a dúró. Ó ní ohùn yẹn náà, àìsàn tó ní dókítà tirẹ̀ ni, ó sì kọ orúkọ ẹni náà fún mi. Kí n má sáré fún oṣù méjì. Kí n má gbààwẹ̀ mọ́. Mo ní ó ku ọjọ́ márùn-ún. Ó ní rárá.

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sí Olódò. Ìyá mi wá ní, "Adìẹ tí oúnjẹ rẹ̀ ò tó, kì í yé. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún oníbàárà." Wọ́n ní àwọn ṣì mí lóye, kí n má bínú. Ìyá mi ò sọ irú ẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó wọ̀ mí lára.

Jímọ̀ọ̀, 5 Épírì

Mo gbààwẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Mo da ògì tí wọ́n gbé fún mi sí ẹ̀yìnkùlé. Mo fò lórí ẹsẹ̀ kan, igba, kí n tó ṣubú. Kifayah rí mi nílẹ̀. Ó rí ògì náà. Ó ní, "Muhsinah, ẹ̀rù ẹ ń bà mí." Ààwẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Àbámẹ́ta, 6 Épírì

Ẹsẹ̀ ti wú. Mo tún jí sààrì pẹ̀lú wọn, kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyá mi gbé bàtà ìsáré mi lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, wọ́n ní kí n jókòó. Kifayah ti padà sínú ààwẹ̀. Ìyá mi náà ń gbààwẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà lórí iná. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó máa tọ́ ọ wò."

Mo ní mò ń gbààwẹ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀." Wọ́n na ṣíbí sí mi, wọn ò sì fà á padà. Mónítọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù lẹ́yìn òní, pé tó bá ti kan ahọ́n, ọgbọ̀n ò ní pé mọ́ láé. Òótọ́ ló sọ. Mo gba ṣíbí. Mo gbé ọbẹ̀ inú rẹ̀ mì.

Mi ò gbọ́ adùn kankan. Wọ́n ní, "Iyọ̀ ńkọ́?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n tún un tọ́. Mo tún un tọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí n tó mọ̀ pé iyọ̀ ò tó. Mo sọ fún wọn. Wọ́n bu iyọ̀ sí i, wọ́n rò ó, wọ́n tún na ṣíbí sí mi.