Àpò Kò Mọ Ẹni Tó Kọ́kọ́ Wọlé

Kpankou, Kétu

Tolúwalàṣẹ, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yín ń lọ déédéé ní Kútọnu? Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ níbí, ìyá rẹ sì ní kí n béèrè bóyá o ń jẹun dáadáa. Ara wa le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Awakọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí etí pọ̀ jù nílé yìí láti pè ọ́.

Ọ̀rọ̀ katakata tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa fi ń túlẹ̀ ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ètò tí o ṣe sórí fóònù fẹ́ sọ oko ẹni tó kàn láti túlẹ̀, orúkọ Rachidi tó dé gbẹ̀yìn ló gbé síwájú. Kí katakata tó gbéra, ètò náà tún ti sọ Rachidi di ẹni ìkẹyìn. Ni Rachidi bá fariga.

Reine, ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ, tó lóko láàárín wa, ló ń tọ́jú fóònù náà. N kò ní purọ́ fún ọ, mo fura sí i. Mo ń ṣọ́ ẹni tó ń kí, mo tilẹ̀ ń yọjú wo ohun tó ń sè. Rachidi ní ó ń ta ipò fún èèyàn. Ọmọ náà fi sàréè bàbá rẹ̀ búra, a ò gbà. Wọ́n gba fóònù, wọ́n fi í sọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọn yóò lé e kúrò lẹ́gbẹ́. Ẹni tí wọ́n bá pè ní olè ní Kpankou, ibo ni yóò gbé ojú sí?

Lánàá, mo ṣí fóònù náà, mo pa á, mo tún ṣí i. Àwọn orúkọ ti yí ipò padà lọ́wọ́ èmi fúnra mi. Kò sẹ́nì kankan ní yàrá àfi èmi àti adìyẹ ìyá rẹ.

Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ tí o sọ nígbà ọdún Àjíǹde. O ní ọ̀nà méjì lẹ fi ń kó orúkọ jọ. Lísìtì dà bí ìlà: ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹnì kan lè tò ó lẹ́ẹ̀mejì. Sẹ́ẹ̀tì dà bí àpò: kò gba orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé, bó bá ṣe wù ú ló ń kó wọn jáde nígbàkigbà tí a bá ṣí i. O rẹ́rìn-ín, o ní, “Bàbá, mo mọ àwọn ará ilé wa. Àpò ni mo lò.”

Ó dùn mí, ọmọ mi. Ìwọ fura sí wa, àwa náà wá ń fura sí Reine. Fi wá sórí ìlà bí a ṣe dé, kí o wá ọgbọ́n mìíràn dá sí ẹni tó bá fẹ́ tò lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ṣàlàyé fún ẹgbẹ́. Rachidi ní ó dájú pé Reine ti fún èmi náà ní tèmi nínú owó tó ń gbà. Wá fúnra rẹ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, torí ẹnu rẹ nìkan ló lè gbà á là.

Kí Olúwa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Aláìṣẹ̀ kò ní tipasẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ sunkún mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń wọ̀nà fún ọ,
Akíndé.

Àfikún: Mo tún ṣí i kí n tó lẹ lẹ́tà yìí. Orúkọ Reine ló wà lókè téńté; bí Rachidi bá rí i, ẹ̀rí olè ni yóò pè é. Mo ti pa fóònù náà, ó wà lápò mi, ọwọ́ mi ò sì kúrò lórí rẹ̀. Tètè máa bọ̀.